Dráífà Tó Bá Apá Ẹni Mu

Òfin gọ́ọ̀fù gbà kí èèyàn kó igi 14 sínú àpò rẹ̀, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú gbogbo wọn, dráífà ló gùn jù, òun ni orí rẹ̀ tóbi jù, òun náà ló sì sábà máa ń wọ́n jù ní ṣọ́ọ̀bù. Òun la fi ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí gbogbo èrò ṣì dúró tí wọ́n ń woni. Mo ti rí ọ̀gágun tó ti fẹ̀yìn tì, mo ti rí adájọ́ àgbà, tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n lórí tee àkọ́kọ́, ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ eré. Pápá oníhò 18 sábà máa ń ní ihò kúkúrú 4 tí a kì í lo dráífà sí. Ó ku 14 tí a lè lò ó. Igi tí a fi ń ti bọ́ọ̀lù sínú ihò máa ń ṣiṣẹ́ ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ. Síbẹ̀ dráífà ni ọ̀rọ̀ wa, dráífà ni owó wa, dráífà la fi ń díwọ̀n ara wa.

Ohun tí ìrírí fi yé mi ni mo fẹ́ kọ síbí, fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ inú eré yìí ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta, àti fún àwọn èèyàn wa tó ń gbá a ní London àti ní Houston. Dráífà tó dára ni èyí tó bá bí apá ẹni ṣe ń yára mu, tó bá ilẹ̀ tí a ti ń gbá a mu, tó sì ń jẹ́ kéèyàn rí bọ́ọ̀lù rẹ̀ nígbà tó bá rìn débẹ̀. Orúkọ tí wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀ kò sí lára ohun tí mo kà yẹn.

Dráífà àkọ́kọ́ tí mo dì mú, pákó ni orí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ṣiṣẹ́ ló fún mi nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ń padà sílé ní Ìjẹ̀bú-Òde. Láti ara persimmon ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ, igi ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan tó le gan-an, tó sì jẹ́ ìbátan igi dúdú inú igbó tiwa. Irin ni ọ̀pá rẹ̀, ó wúwo. Orí rẹ̀ kò tó ìdajì ti òde òní, ibi tó dára láti fi kan bọ́ọ̀lù lára rẹ̀ sì kéré jọjọ. Bí a bá kàn án níbẹ̀, ìró rẹ̀ á dùn, ọwọ́ kò sì ní mọ̀ ọ́n lára. Bí a bá tàsé ibẹ̀, gbogbo apá á gbọ̀n títí dé èjìká. Ẹ̀gbọ́n náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí pápá. Ìmọ̀ràn kan ṣoṣo ni wọ́n fún mi: "Àbúrò, yé wo ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ. Ibi tó ti kan igi ni kí o máa wò." N kò tíì gba ìmọ̀ràn tó níye lórí ju ìyẹn lọ nínú gọ́ọ̀fù.

Ayé pákó ti kọjá báyìí. Ní 1979 ni Gary Adams dá ilé-iṣẹ́ TaylorMade sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tó sì gbé dráífà olórí irin jáde. Pittsburgh Persimmon ni wọ́n ń pè é, nítorí pé ìlú irin ni wọ́n mọ Pittsburgh sí. Ní 1991 Ely Callaway gbé Big Bertha tirẹ̀ jáde, ó sì fún un ní orúkọ ìbọn àgbá ńlá tí àwọn ará Jámánì lò nínú Ogun Àgbáyé Kìíní. Nígbà tó di 1995, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ fi titanium ṣe èyí tó tún tóbi sí i. Titanium le, ó sì fẹ́rẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n lè fẹ orí igi láì jẹ́ kó wúwo. Orí ń tóbi, ó ń tóbi, títí tí USGA àti R&A, àwọn tó ń ṣe òfin eré náà, fi pààlà sí i: láti 2004, orí dráífà kò gbọdọ̀ ju 460 cc lọ. Wọ́n tún fi ààlà sí bí ojú rẹ̀ ṣe lè ta bọ́ọ̀lù jáde tó. Nítorí náà, bí olówò kan bá ń sọ fún yín pé dráífà ọdún yìí fi ogún yáàdì gùn ju ti èṣí lọ, ẹ rántí pé inú ọgbà kan náà ni gbogbo wọn ti ń ṣeré láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn.

Àánú ni orí ńlá ń ṣe wá. Wọ́n fi ìwúwo rẹ̀ sí etí, kó jìnnà sí àárín, kó má baà tètè yí lọ́wọ́ ẹni bí a bá tàsé. Ẹ sì wo ojú rẹ̀ dáadáa: kò tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó rọra yọ síta láti ọ̀tún sí òsì, ó sì rọra yọ láti òkè sí ìsàlẹ̀. Bí ẹni tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún bá fi etí tó jìnnà sí ọ̀pá kan bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù á kọ́kọ́ forí lé ọ̀tún, á sì máa yí bọ̀ sí òsì. Bó bá fi etí tó súnmọ́ ọ̀pá kàn án, á kọ́kọ́ lọ sí òsì kó tó yí sí ọ̀tún. Ìyọsíta yẹn ló ń dá a padà sí àárín, ọgbọ́n náà sì ti wà láti ayé pákó. Bí a bá fi òkè ojú igi kàn án, bọ́ọ̀lù á gòkè, yíyí rẹ̀ á sì dínkù; bí a bá fi ìsàlẹ̀ kàn án, á fò nílẹ̀, á máa yí ràn-ìn, agbára rẹ̀ á sì tètè tán.

Páúdà ni mo fi mọ èyí nípa ti ara mi. Bí mo bá ń ṣe ìdánrawò, mo máa ń fọ́n páúdà díẹ̀ sí ojú igi, àpá bọ́ọ̀lù á sì hàn níbẹ̀ kedere. Nínú ìdíje, ẹ má dán an wò, òfin kò gba kí a fi nǹkan kan pa ojú igi láti yí ìṣe rẹ̀ padà. Àmọ́ ní pápá ìdánrawò, páúdà yẹn ń sọ òtítọ́ tí ọ̀rẹ́ kò ní sọ. Mo mọ àwọn tó ń ra dráífà tuntun lọ́dọọdún, tí àpá bọ́ọ̀lù wọn kò tíì wà lójú kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni bẹ́ẹ̀ kò tíì nílò igi mìíràn. Kó kọ́kọ́ mọ ibi tó ti ń kan bọ́ọ̀lù ná.

Mo fẹ́ràn pákó ẹ̀gbọ́n yẹn, ṣùgbọ́n n kò ní gbé irú rẹ̀ lé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ gọ́ọ̀fù lọ́wọ́. Àwọn àgbà kan ń sọ pé orí kékeré ló ń kọ́ni ní eré. Ó kọ́ èmi, òótọ́ ni. Ó sì lé ọ̀pọ̀ àwọn tí a jọ bẹ̀rẹ̀ kúrò lórí pápá títí ayé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù ni ti bí ojú igi ṣe gbé sókè tó, èyí tí àwa tó ń gbá a ń pè ní loft. Ẹ ó rí nọ́ńbà kan lára dráífà: 8, 9, 10.5, 12. Bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni ojú igi ṣe nàró tó. Láàárín àwa ọkùnrin, wọ́n ti sọ nọ́ńbà yìí di ọ̀rọ̀ agbára. Bí ẹnì kan bá yọ 9 jáde, àwọn tó dúró á mi orí. Bí ó bá yọ 12 jáde, ẹnì kan á béèrè bóyá ti ìyàwó rẹ̀ ló gbé wá. Mo ti gbọ́ ọ lórí pápá ní Ìkòyí, mo ti gbọ́ ọ ní Ìbàdàn, ó sì ti ná àwọn èèyàn tí mo fẹ́ràn ní owó àti ayọ̀ tó yẹ kí wọ́n rí nínú eré yìí.

Ẹ jẹ́ ká wo nọ́ńbà. Àwọn ọkùnrin tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun ní PGA Tour ń fi orí dráífà sáré tó nǹkan bí máìlì 115 ní wákàtí kan kó tó kan bọ́ọ̀lù. Ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, tó ń gbá gọ́ọ̀fù ní òpin ọ̀sẹ̀, nǹkan bí 93 ni tirẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun ní LPGA Tour ńkọ́? Nǹkan bí 94. Ìyẹn ni pé àwọn obìnrin wọ̀nyẹn la bá dọ́gba ní eré apá. Síbẹ̀ bọ́ọ̀lù tiwọn ń fò tó nǹkan bí yáàdì 218 nínú afẹ́fẹ́ kó tó fara kan ilẹ̀. Mélòó nínú wa ló ń gbé e dé ibẹ̀? Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é ni pé wọ́n ń jẹ́ kí bọ́ọ̀lù gòkè. Bọ́ọ̀lù tiwọn ń kúrò lójú igi ní nǹkan bí díígírì 13, ti àwọn ọkùnrin PGA kò ju nǹkan bí 11 lọ. Ẹni tí apá rẹ̀ kò bá yára gbọ́dọ̀ gbé bọ́ọ̀lù sókè kó lè pẹ́ lójú ọ̀run. Bó bá fi ojú igi tó nàró gbá a, á bọ́ sílẹ̀ kó tó rin ìrìn rẹ̀ tán.

Nítorí náà, bí ọkùnrin ẹni àádọ́ta ọdún bá fẹ́ kọ́ ìlò dráífà lọ́dọ̀ ẹnì kan lórí tẹlifíṣọ̀n, kó fi Rory McIlroy sílẹ̀ díẹ̀, kó wo àwọn obìnrin. A ní ọmọbìnrin tiwa náà ní Nàìjíríà, Georgia Oboh, tó ti gbá Ladies European Tour. Ọ̀nà tí àwọn obìnrin ń gbà gbé apá, bí wọn kì í ṣe kánjú, bí wọ́n ṣe ń parí rẹ̀ pẹ̀lú ara tó dúró ṣinṣin, ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wa wà.

Ọdún kan ni mo lọ kí àbúrò mi ní Houston. Ó mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ní ẹ̀rọ tó ń ka ìrìn bọ́ọ̀lù. Dráífà tí mo ń lò nígbà yẹn, 9 ni. Ọmọkùnrin tó ń bójú tó ẹ̀rọ náà kò bi mí ní orúkọ ilé-iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn. Ó lẹ bébà pẹlẹbẹ kan mọ́ ojú igi mi, ó ní kí n gbá a, kí n tún gbá a. Ó wo nọ́ńbà, ó wo bébà, ó sì lọ gbé orí igi mìíràn wá tí wọ́n kọ 12 sí. Mo yíjú sí àbúrò mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ gbá a ná kí ẹ tó fa ojú ro." Mo gbá a. Bọ́ọ̀lù náà gòkè ju bó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ, ó pẹ́ níbẹ̀, ó sì balẹ̀ síwájú ibi tí tàtijọ́ ń dé. Ohun tó tún yà mí lẹ́nu jùyẹn lọ ni pé kò sá lọ sí ọ̀tún tó bí ó ti máa ń sá. Ọmọkùnrin náà ṣàlàyé rẹ̀ fún mi: nígbà tí ojú igi bá gbé sókè, yíyí ẹ̀yìn tí bọ́ọ̀lù ń yí máa ń borí yíyí ẹ̀gbẹ́, ìdí nìyẹn tí kì í fi tẹ̀ sí ọ̀tún tó bẹ́ẹ̀. Gígòkè àti lílọ tààrà, igi kan ṣoṣo ló fún mi ní méjèèjì.

Kò sí télọ̀ tó máa fi ìwọ̀n ará ilé kejì rán agbádá fún wa kí a gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí a ṣe ń ra dráífà: a rí i lọ́wọ́ ẹni tó ga jù wá, tó kéré sí wa lọ́jọ́ orí, tí apá rẹ̀ yá, a sì ní irú rẹ̀ gan-an la fẹ́.

Ọ̀pọ̀ dráífà òde òní ló ní ibi tí èèyàn lè fi kọ́kọ́rọ́ kékeré yí láti fi kún loft tàbí láti dín in kù. Ó dára, mo sì ń lò ó. Kí ẹ ṣáà mọ̀ pé bí ẹ bá fi kún un, ojú igi á tún dojú kọ òsì díẹ̀ sí i. Ilé ni kí ẹ ti yí i; bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ eré, òfin kò gbà kí ẹ fọwọ́ kàn án mọ́.

Ní ti rírà ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ igi tí a ń lò, tòkunbọ̀ ni, tòkunbọ̀ kò sì burú rárá. Dráífà tó ti lo ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ́wọ́ ẹni tó tọ́jú rẹ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí tuntun, níwọ̀n ìgbà tí ààlà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ti de gbogbo wọn. Ayédèrú ni kí ẹ bẹ̀rù. Mo ra ọ̀kan lọ́wọ́ ọkùnrin kan ní Èkó, tí n kò ní dárúkọ, tó búra fún mi pé ojúlówó ni. Àwọ̀ rẹ̀ ń dán, bébà ṣì wà lára rẹ̀. Kò pẹ́ púpọ̀ tí nǹkan kan fi ń dún kọlọ-kọlọ nínú orí rẹ̀, tí ìdè òkè orí náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í là. Owó yẹn wọlẹ̀ ni. Láti ìgbà náà, n kì í ra dráífà láì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ irú rẹ̀ kan tí mo mọ̀ pé ojúlówó ni. Mo máa ń fi ọwọ́ pa lẹ́tà tí wọ́n kọ sí i, nítorí pé lẹ́tà ayédèrú kì í jinlẹ̀, igun rẹ̀ kì í sì mọ́. Mo máa ń wá nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó wà lọ́rùn igi. Mo máa ń gbọn orí rẹ̀ lẹ́bàá etí. Mo sì máa ń gbá a ṣáájú kí n tó sanwó. Ìró ayédèrú ṣófo, etí tó bá ti gbọ́ ojúlówó á mọ̀ ọ́n. Èyí tó wá rọrùn jù láti mọ̀ ni iye owó. Bí wọ́n bá fẹ́ ta dráífà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde fún yín ní ìdá mẹ́ta iye tí wọ́n ń tà á níbi gbogbo, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn kí ẹ sì máa lọ.

Orí igi ni ojú gbogbo èèyàn ń wò, ọ̀pá ló ń pa wá. Wọ́n máa ń kọ lẹ́tà sí ọ̀pá láti fi sọ bó ṣe le tó: R fún ti gbogbogbò, S fún èyí tó le, X fún èyí tó le jù, A tàbí L fún èyí tó rọ̀. Ohun tí àwọn olówò kì í sábà sọ ni pé kò sí ìwọ̀n kan tí gbogbo ilé-iṣẹ́ fẹnu kò sí. R ilé-iṣẹ́ kan lè le ju S ti ilé-iṣẹ́ kejì lọ. Lẹ́tà yẹn kò tó láti fi rajà. Mo lo ọ̀pá S kan fún àkókò pípẹ́ nítorí pé òun ló wà lára igi tí mo rà, ó wúwo, ó sì le. Kí bọ́ọ̀lù tó lè gòkè, mo ní láti fi gbogbo ẹ̀yìn jù ú. Ìbàdí bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, n kò lè bẹ̀rẹ̀ de okùn bàtà. Dókítà fún mi ní oògùn, ó ní kí n sinmi. Nígbà tí mo yí sí ọ̀pá tó fẹ́rẹ̀, tí kò tó gíráàmù 60, ìrora náà lọ díẹ̀díẹ̀, bọ́ọ̀lù mi kò sì dín ìrìn kù. Ẹ̀yin tí ẹ ti lé ní àádọ́ta, mo fi tìfẹ́tìfẹ́ sọ èyí fún yín: ara kì í ṣe àpò ẹ̀yìn ọkọ̀ tí a ń kó ẹrù sí bó ṣe wù wá.

Gígùn náà wà níbẹ̀. Dráífà inú ṣọ́ọ̀bù sábà máa ń tó ínǹṣì 45 ààbọ̀ tàbí 46, nítorí pé igi gígùn ń yára, ìyára sì ń ta ọjà. Láti 2022, òfin ti gba àwọn tó ń ṣètò ìdíje ńlá láàyè láti má ṣe jẹ́ kó ju 46 lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun kò tilẹ̀ lo èyí tó gùn tó ti ṣọ́ọ̀bù. Ẹ má tíì sáré lọ gé ọ̀pá yín o. Bí a bá gé e, á le sí i, orí igi á sì fúyẹ́ lọ́wọ́ ẹni, kò sì ṣeé dá padà. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo ń di igi mú ní ìsàlẹ̀ díẹ̀, bí ínǹṣì kan sí òpin rẹ̀. Kò ná mi ní kọ́bọ̀, mo sì ń kan àárín ojú igi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Nínú ooru ilẹ̀ wa, rọ́bà tí a fi ń di igi mú tètè máa ń yọ̀. Òógùn, eruku, òjò, gbogbo rẹ̀ ń pa á. Ẹni tí igi bá ń yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ á dì í le jù, apá tó bá sì le jù kò ní yára. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́ déédéé, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tó bá ti dán. Owó rẹ̀ kéré gan-an sí iye tí a ń ná lórí orí igi tuntun, èrè rẹ̀ sì lè pọ̀ jù ú lọ.

Ọ̀dọ̀ kádì tó máa ń gbé àpò mi ní Ìbàdàn ni mo ti kọ́ ìlò rẹ̀. Ọmọ tó lè jẹ́ àkọ́bí mi ni, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù jù mí lọ lọ́nà tó jìn, pẹ̀lú dráífà àlòkù kan tí wọ́n ti fi gúlúù lẹ̀ lọ́rùn. Ní ọjọ́ kan tí mo ti gbá bọ́ọ̀lù sínú igbó léraléra, ó súnmọ́ mi, ó ní, "Dádì, ẹ má bínú. Ẹ ti ń gbá a kí apá yín tó sọ̀ kalẹ̀ tán." Mo ní kí ló fẹ́ kí n ṣe. Ó ní kí n gbé tee, èèkàn kékeré tí bọ́ọ̀lù ń jókòó lé, ga sí i, kí ìdajì bọ́ọ̀lù yọ sókè orí igi. Kí bọ́ọ̀lù wà ní ọ̀kánkán gìgísẹ̀ òsì mi. Kí èjìká ọ̀tún mi lọ sílẹ̀ díẹ̀ ju ti òsì lọ. Kí n sì gbá a bí igi ti ń padà gòkè. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn igi yòókù, à ń fi wọ́n gbá bọ́ọ̀lù nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀. Dráífà, à ń fi gbá a nígbà tó ń gòkè, nítorí pé orí tee ni bọ́ọ̀lù wà. Ó wá ní, "Dádì, ẹ dín agbára kù." Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, èmi náà ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi nílé. Ẹnu ọmọ yìí ni ó ti wọ ara mi.

Ilẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ní oṣù kẹfà, nígbà tí òjò bá ti rọ̀ wọ ilẹ̀ Èkó, bọ́ọ̀lù á balẹ̀ pọ̀tọ̀ kó sì dúró síbẹ̀. Ohun tó fò ní òkè nìkan la ní. Nígbà ọyẹ́, ilẹ̀ á gan, bọ́ọ̀lù á máa sáré lọ, á sáré kọjá ibi tí a fẹ́, á sáré wọgbó. Dráífà tó dára ní oṣù kẹfà lè jẹ́ wàhálà ní oṣù kìíní. Bí ẹ bá gòkè lọ sí Jos, sí pápá Rayfield, níbi tí ilẹ̀ ti ga ju mítà 1,200 lọ, afẹ́fẹ́ fúyẹ́, bọ́ọ̀lù kan náà á lọ jìnnà sí i láìjẹ́ pé apá yín yí padà. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ra dráífà nítorí bọ́ọ̀lù tó gbá ní Jos.

Èyí tó pẹ́ jù kí ó tó yé mi ni ìgbà tó yẹ kí dráífà dúró sínú àpò. Tiger Woods ló là mí lójú. Ní 2006, nígbà ìdíje Open ní Hoylake lẹ́bàá Liverpool, oòrùn ti gbẹ ilẹ̀ náà, koríko ti pọ́n, ilẹ̀ ti le, a ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ọyẹ́ ló ń jà níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi gbá a, ihò 72. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Tiger fi dráífà gbá bọ́ọ̀lù nínú gbogbo rẹ̀. Igi irin gígùn àti igi nọ́ńbà 3 ló ń lò, ó ń jẹ́ kí ilẹ̀ gbé bọ́ọ̀lù lọ, ó sì ń yẹra fún kòtò iyanrìn. Ó borí. Bẹ́ẹ̀ ni Sandy Lyle, ọmọ Scotland tó gba Nigerian Open ní Èkó ní 1978. Lórí ihò tó gbẹ̀yìn ní ìdíje Masters ọdún 1988, igi irin nọ́ńbà 1 ló mú lórí tee, kì í ṣe dráífà. Bọ́ọ̀lù náà ṣì wọ iyanrìn, ó gbá a jáde pẹ̀lú irin nọ́ńbà 7 sẹ́bàá ihò, ó sì gba Masters. Bí irú àwọn wọ̀nyí bá lè fi dráífà sínú àpò nígbà tí ohun tó ga jù nínú eré wà níwájú wọn, kí ló dé tí àwa ń yọ ọ́ lórí ihò tó há, tí igbó wà lọ́tùn-ún, odò wà lósì?

Ẹ ṣírò rẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá sọnù tàbí tó bá kọjá òpó ààlà, ìjìyà ọ̀kan ni, a ó sì padà sórí tee láti gbá ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Igi nọ́ńbà 5 tó bọ́ sáàárín pápá ní yáàdì 180 sàn ju dráífà yáàdì 240 tí kádì mẹ́rin ń wá nínú oko ẹ̀gẹ́. Lórí pápá tó ní òkè àti ìsàlẹ̀ bíi Smokin Hills ní Ilárá-Mọ̀kín, mo máa ń pinnu lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú àwọn ihò tí n kò ní fa dráífà yọ sí rárá, mo sì ń pa ìpinnu náà mọ́ bí ọ̀rẹ́ mi tilẹ̀ gbá tirẹ̀ kọjá mi.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo fi ń dákẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun lónìí, ìdí àpò àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ bíi kádì. Ọ̀pá tó ti tẹ̀, orí tó ti là, ni wọ́n fi ń kọ́ eré, nígbà tí dráífà méjì mẹ́ta dùbúlẹ̀ sínú bọ́ọ̀tù ọkọ̀ wa, tí a rà fún ìdí tí mo ti sọ, tí wọn kò sì bá apá wa mu. 9 tó le jù fún yín yẹn lè jẹ́ ohun tó bá apá ọmọ ogún ọdún kan mu gẹ́lẹ́. Ẹ gbé e fún un ní ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀, kí ẹ sì fi rọ́bà tuntun sí i lọ́wọ́.